Ṣúgà tó ń gba ẹ̀mí ewúrẹ́ là: bí àjẹsára kátà ṣe lè dé Adido láìbàjẹ́

Bí àrùn kátà bá wọ agbo ewúrẹ́ tí kò gba abẹ́rẹ́ rí, ó lè pa 90 nínú 100. Ibà ló máa ń kọ́kọ́ gbé ẹran náà. Ojú á máa ṣe ìpin, ikun á dí i nímú, ẹnu á bó, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e, kò sì ní pẹ́ tí mímí á fi di ìjàkadì. Ní Adido, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò Ṣábẹ̀ẹ́ ní ẹkùn Collines ní Benin, bó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ewúrẹ́ ni owó tí ìyá ilé fi pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Òun ni wọ́n ń tà nígbà tí owó ilé-ìwé bá dé tàbí tí ọmọ bá ṣàìsàn. Agbo tó kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìfowópamọ́ ọdún púpọ̀ ló bá a lọ.

PPR ni àwọn dókítà ẹran ń pe àrùn yìí. Ní Côte d'Ivoire ni Gargadennec àti Lalanne ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1942. Ìbátan ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ sí ti èéyi tí ń mú ọmọdé, àti sí ti àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí àgbáyé kéde ní 2011 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ti rìn jìnnà: ó dé Morocco ní 2008, ó sì wọ Greece àti Romania ní 2024. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ọ̀nà pàtàkì tí wọ́n fi ń dá a dúró.

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí sì ni àjẹsára yẹn ti ṣẹ̀. Nàìjíríà ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tó di ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1975, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi ń jẹ́ Nigeria 75/1. Taylor àti Abegunde tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1979. Adama Diallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń gbin fáírọ́ọ̀sì yìí léraléra nínú sẹ́ẹ̀lì ara tí wọ́n ń tọ́jú sínú ìgò, títí agbára ìpanilára rẹ̀ fi tán. Wọ́n gbé àbájáde jáde ní 1989. Fáírọ́ọ̀sì náà ṣì wà láàyè, àmọ́ kò lè ṣe ewúrẹ́ ní ibi mọ́. Ńṣe ló ń kọ́ ara ẹran bí yóò ṣe bá kátà gidi jà. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán.

Ooru ni ìṣòro tó kù. Ọ̀rá tín-ínrín ló bo fáírọ́ọ̀sì yìí lára, púrótéènì sì gún lé ọ̀rá náà. Bí ó bá wà nínú omi tó gbóná tó 37°C, ìdajì rẹ̀ á ti kú láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní oṣù kẹta, ọ̀sán Ṣábẹ̀ẹ́ lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó ti kú nínú ìgò kò lè kọ́ ara ẹran ní ohunkóhun, ẹni tó gún un kò sì ní mọ̀. Ibi yìí ni iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ onímọ̀ àrùn, tó bọ́ sọ́wọ́ onímọ̀ kẹ́místrì.

Omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kúrò. Wọ́n á mú kí àjẹsára náà dì, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ jáde, yìnyín á sì rá lọ láìkọ́kọ́ yọ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá kàn lọ bẹ́ẹ̀, púrótéènì á wó lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po ṣúgà mọ́ ọn ṣáájú. Mólékù ṣúgà á gba ipò omi, á di púrótéènì àti ọ̀rá náà mú síbi tí wọ́n wà. Bí ó ti ń gbẹ, ṣúgà náà kò ní tò bíi hóró iyọ̀. Ńṣe ló máa le gan-an bíi gíláàsì, fáírọ́ọ̀sì á sì há sínú rẹ̀ láìlè mira. Suwíìtì líle tó mọ́ gaara, tí àwọn ọmọdé ń lá, irú gíláàsì ṣúgà bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti ṣí suwíìtì sílẹ̀ nígbà òjò mọ ewu tó wà níbẹ̀: ọ̀rinrin díẹ̀ ti tó láti sọ ọ́ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àjẹsára tí wọn kò gbẹ dáadáa ṣe máa ń bàjẹ́.

Ṣúgà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò fún èyí, irú èyí tó wà nínú ìrèké ni, ìrèké tí Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ dunjú nítorí ilé-iṣẹ́ ṣúgà tí Benin àti Nàìjíríà dìjọ dá sílẹ̀ níbẹ̀. Òmíràn wà tó ń jẹ́ trehalose, tí à ń rí nínú olú àti ìwúkàrà. Iye átọ́ọ̀mù kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, ètò wọn ló yàtọ̀, àmọ́ gíláàsì ti trehalose ń fara da ooru ju ti ìrèké lọ púpọ̀. Ní 2001, Worrall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ó láti gbẹ àjẹsára kátà: ó lo ọjọ́ 14 nínú ooru 45°C, díẹ̀ ló sì pàdánù nínú agbára rẹ̀.

Lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn tóbi tó wíwá fáírọ́ọ̀sì náà rí. Síbẹ̀, kò parí gbogbo wàhálà. Bí dókítà ẹran bá ti da omi sínú ìgò náà, gíláàsì ti yọ́ nìyẹn, wákàtí díẹ̀ ló kù. Ìgò kan sì lè tó ẹran 50 tàbí 100, nígbà tó jẹ́ pé ewúrẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà nílé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àfi kí àdúgbò pa ẹran wọn pọ̀, kí wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀ láti alẹ́, kí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ewúrẹ́ ń bímọ léraléra, nítorí náà ọdọọdún ni àwọn ọmọ tuntun tí kò gba abẹ́rẹ́ ń kún agbo, àwọn ló sì yẹ kí wọ́n máa padà wá gún.

Ní Abidjan ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè pinnu pé kátà gbọ́dọ̀ tán láyé tó bá fi di 2030. Ṣábẹ̀ẹ́ bá Nàìjíríà pààlà, ẹran sì ń ti ọjà kan sọdá sí èkejì. Benin àti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gún ẹran ẹ̀gbẹ́ ààlà ní àsìkò kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ kan tí wọ́n rà lọ́jà ti tó láti dá àrùn náà padà sí Adido.