Kí ni 46 tó wà lára àpò ajílẹ̀ ń sọ fún wa?

Ẹ wo àpò ajílẹ̀ funfun tí à ń bù sí ìdí àgbàdo. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé: URÉE 46% N. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé e lọ sí oko láì kà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni, owó wa ló wà nínú ìṣirò yẹn.

N ni àmì asọ́ọ̀tì. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní náítírójìn. Oúnjẹ tó ń mú kí ewé àgbàdo dúdú dáadáa ni. Àmì % ń sọ pé: nínú ọgọ́rùn-ún. Bí urée bá jẹ́ kílò 100, kílò 46 ni asọ́ọ̀tì inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kílò 50 ni àpò kan. Ẹ mú bíìkì. Ẹ fi 50 sọ 46 di púpọ̀: 2300. Ẹ fi 100 pín in: 23. Kílò 23 asọ́ọ̀tì ni a rà.

Níbo ni 46 ti wá? Nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di urée, olúkúlùkù sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kárúbọ́nù, tó pọ̀ nínú èédú, jẹ́ 12. Ọksijẹ́nì, tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, jẹ́ 16. Asọ́ọ̀tì jẹ́ 14, ṣùgbọ́n méjì ló wà níbẹ̀: 28. Idrojẹ́nì, tó wà nínú omi, jẹ́ 1, mẹ́rin ló wà níbẹ̀: 4.

12 + 16 + 28 + 4 = 60

Asọ́ọ̀tì kó 28 nínú 60. Ẹ fi 100 sọ 28 di púpọ̀: 2800. Ẹ fi 60 pín in: 46 àti díẹ̀ lé. Òun nìyẹn.

Ajílẹ̀ mìíràn wà tí à ń pè ní sulfate d'ammoniaque: 21% N. Àpò kílò 50 rẹ̀ ní kílò 10 ààbọ̀ asọ́ọ̀tì péré. Àpò méjì rẹ̀ kò tó àpò urée kan! Bí ó bá jẹ́ asọ́ọ̀tì nìkan ni ẹ ń wá, tí oníṣòwò sì fi owó díẹ̀ dín in sí ti urée, ẹ má tíì sanwó. Lóòótọ́, ó ní imí-ọjọ́ tí urée kò ní, ilẹ̀ mìíràn sì ń fẹ́ ẹ.

Kílò 23 yẹn lè fò lọ o. Bí urée bá wà lórí ilẹ̀ nínú oòrùn, asọ́ọ̀tì rẹ̀ a máa bá afẹ́fẹ́ lọ, pẹ̀lú òórùn bí ti ìtọ̀ tó ti pẹ́. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo, ẹ bù ú sí i, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó lójú ẹsẹ̀.