Méjìlá Kò Tíì Kún: Ìwé Ìlàlóye fún Ẹni Tí Ń Gbé Bátìrì Ọkọ̀ Wá Ṣáájì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lójú fèrèsé wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní ojoojúmọ́, òun náà sì ni pé ẹni tí mítà bá ka bátìrì rẹ̀ sí 12.0 a máa fi ìbínú wí pé a fẹ́ gba owó ṣáájì lórí bátìrì tí ó ti kún, nítorí pé 12 fóólìtì ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ jọ̀wọ́, orúkọ bátìrì ni 12, kì í ṣe ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ilé mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì yó a máa ní fóólìtì 2.1, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12.6. Èyí tí ó ka 12.6 ni ó kún, 12.4 ti ná ìdá kan nínú mẹ́rin, 12.2 ti dé ààbọ̀, 12.0 tí à ń tìtorí rẹ̀ jà kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, 11.8 sì ti gbẹ. Àlàfo tí ó wà láàrin àyó àti ebi kò tó fóólìtì kan, nítorí náà ni a kì í fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. A tún un sọ: 12.0 kò kún. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ pẹ́ ní ipò yẹn, iyọ̀ funfun kan yóò dì mọ́ òjé inú rẹ̀, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́.

Ìgbà tí ó yẹ kí ẹ gbé e wá

Ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà, ọmọ ògbó tó mọ̀nà, a kò lè kọ́ ọmọ Ìlá ẹlẹ́mu bí ẹmu ti ń ṣe: ẹmu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà a máa fi ìfofò kún akèrègbè dé ẹnu, ìgbà tí ìfofò bá rọlẹ̀ tán ni a tó mọ iye ẹmu tí a rà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wa ọkọ̀ dé láti Òkè-Ìlá tàbí Àjàbà, tí ó ní kí a wọn bátìrì òun lójú ẹsẹ̀, ìfofò ni mítà yóò kà fún un. Ẹ jẹ́ kí bátìrì náà sùn mọ́jú, kí ẹ sì tètè dé ní òwúrọ̀. Bátìrì 60Ah tí ó gbẹ, bí a bá ń fi ampere 6 bọ́ ọ, yóò gbà ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko, èyí tí a bá sì fi ipá bọ́ yóò gbóná, yóò máa hó, òjé inú rẹ̀ yóò sì tẹ̀ kọrọdọ.

Àwọn tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà

A kò rán ẹnikẹ́ni láti ta ásíìdì níta. Omi nìkan ni ó ń gbẹ nínú bátìrì, ásíìdì kì í gbẹ. Ẹni tí ó bá da ásíìdì kún un kí ó lè “jí”, òjé ni ó ń fi jẹ. Omi bátìrì ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi kànga tàbí omi inú ọ̀rá.

Kí ẹ tó ra tuntun

Ẹ ṣíná ọkọ̀, kí ẹ fi mítà kan orí bátìrì méjèèjì. Bí ó bá wà láàrin 13.8 sí 14.5, ọkọ̀ ń bọ́ ọ. Bí ó bá dúró sí 12, alternator ni kí rẹwáyà yẹ̀ wò, bátìrì kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wa ọkọ̀ ju láti Ìsẹ̀dó dé Ìpẹrin lọ kò gbọdọ̀ retí pé kí bátìrì rẹ̀ kún lọ́nà.

Afẹ́fẹ́ tí ń ti inú bátìrì jáde nígbà ṣáájì a máa gbiná: ẹ má mu sìgá nítòsí. Èyí tí ara rẹ̀ wú, tàbí tí ó ń jò, a kò ní gbà á.