Ilé Ni À Ń Wò Tàbí Ọmọ? Èdè-Ìperí fún Àyẹ̀wò Jẹ́lé-ó-sinmi

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ kí á máa lò ní èdè Yorùbá nígbà tí a bá ń ṣe àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, láti mọ̀ bóyá ó pa òfin mọ́, àti bóyá ìtọ́jú tí àwọn ọmọ ń rí gbà níbẹ̀ kúnjú òṣùwọ̀n. Orí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Friedrich Froebel, ará Jámánì, ń wá orúkọ fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tí ó dá sílẹ̀ ní ìlú Bad Blankenburg, Kindergarten ni orúkọ tí ó mú ní ọdún 1840. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọgbà àwọn ọmọdé. Nígbà tí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa, Yorùbá kò tú orúkọ náà. Wọ́n ní: ẹ jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ẹni tí ó sọ ọ́ ní ọgbà dúró sínú ọgbà, ọmọ ni ó ń wò. Ẹni tí ó sọ ọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé, ẹ̀yìn ọmọ tí ń lọ ni ó ń wò, ó sì mí kanlẹ̀. Orúkọ náà dùn, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. A kò sọ pé kí á pa á tì. Ṣùgbọ́n èrè tí òbí ń jẹ ni ó sọ fún wa, kò sọ ohun tí ojú ọmọ ń rí lọ́hùn-ún.

Orúkọ kejì tí ó tún tẹjú mọ́ ilé ni wolé-wolé. Láyé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó wọ̀nyí a máa wọ agbo-ilé kiri, wọn a máa yọjú sínú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọn a sì máa wo ẹ̀yìnkùlé bóyá ìdọ̀tí kún ibẹ̀. Ẹ̀rù wọn a máa ba ará ilé. Bí wọ́n bá ti gbúròó pé wolé-wolé ń bọ̀, wọn a gbá ilẹ̀, wọn a da omi ògbólógbòó nù. Bí ó bá ti kọjá, ilé a padà sí bí ó ti wà. Irú àyẹ̀wò yìí ni ó ṣì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ onílé-ẹ̀kọ́ títí di òní. Wọn a kun ògiri, wọn a ra garawa ìdalẹ̀nù tuntun, wọn a sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ilé sinmi lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni yàrá tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún odidi wákàtí kan, ó yẹ kí ó kọ alábẹ̀wò lóminú ju ògiri tí kò ní ọ̀dà lọ.

Kì í ṣe pé ìlànà kò sí. Ìlànà Orílẹ̀-èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 1977 ti dárúkọ ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó gba àwọn aládàáni níyànjú láti dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi àbójútó wọn sí ọwọ́ ìjọba. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ní Ìlọrin, ní Òṣogbo, ní Adó-Èkìtì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń mú wọn ṣẹ, ìbáà ṣe obìnrin tí ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ, tàbí alásè, tàbí aṣọ́nà, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń ronú iṣẹ́ wọn. Ìyípadà tí ń ti òkè wá lórí èdè ìkọ́ni kò yí èyí padà. Ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022, èyí tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ìjọba kan náà wọ́gi lé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Kò sí ẹni tí ó lè wọ́gi lé èdè tí alásè fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì rẹ̀ ní ọdún 1990, wúlò púpọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ alábẹ̀wò kò sí lára ohun tí a fi rán wọn; àwa ni ó kù fún.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀-ìṣe 'wò' fúnra rẹ̀. Bí a bá ní ẹnì kan wo ilé, ojú ni ó fi wò ó. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé 'Ẹ bá mi wo ọmọ yìí', kò ní kí ó máa wo ojú ọmọ bí ẹni ń wo àwòrán. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ó ṣọ́ ọ, kí ó fún un ní omi bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kí ó má sì jẹ́ kí ó ṣubú. Bí oníṣègùn bá wo aláìsàn, ó tún di nǹkan mìíràn. Wíwò àti ìtọ́jú kò jìnnà sí ara wọn nínú èdè wa. Ọrọ̀ ni èyí jẹ́ fún akéwì. Ọ̀fìn ni fún ẹni tí ń kọ ìwé àyẹ̀wò. Gbólóhùn bí 'A wo àwọn ọmọ náà dáradára' lè túmọ̀ sí pé alábẹ̀wò yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, ó sì lè túmọ̀ sí pé ilé-ẹ̀kọ́ náà ń tọ́jú wọn. Ohun tí alábẹ̀wò ṣe ni ti ìṣáájú. Ti ìkẹyìn jẹ́ ìdájọ́. Ìwé tí ó bá da méjèèjì pọ̀ kò ṣeé gbé dé ilé-ẹjọ́.

'Àbẹ̀wò' ní àléébù tirẹ̀. À ń bẹ aláìsàn wò, à ń bẹ àna wò, a sì máa ń fi obì ṣe ẹni tí ó bẹ̀ wá wò lálejò. Ọ̀rọ̀ náà ti fìdí múlẹ̀ fún iṣẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé, kò sì sí ìdí láti lé e lọ, ṣùgbọ́n kí á fi mọ sí ìrìn-àjò náà: àbẹ̀wò ni lílọ, àyẹ̀wò ni iṣẹ́ tí a ṣe nígbà tí a débẹ̀. Ènìyàn lè ṣe àbẹ̀wò láìṣe àyẹ̀wò. Ó sì ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí inú wa dùn sí jù lọ ni òṣùwọ̀n. Ọjà ni a ti rí i. Bí alágbàdo bá bu àgbàdo sínú kóńgò, tí ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú, ó kúnjú òṣùwọ̀n nìyẹn. Bí ó bá dín, ó ti rẹ́ oníbàárà jẹ. Bí ó bá bu díẹ̀ lé e, èènì ni. Èyí bá ohun tí òfin ń béèrè mu ju 'òdiwọ̀n tí ó kéré jù lọ' tí àwọn atúmọ̀ kan ń lò, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rò pé òdiwọ̀n kékeré ni a ń wá. 'Ojú òṣùwọ̀n' ni kí á máa lò: ohun tí a wọ̀n kò gbọdọ̀ dín sí ibẹ̀. Omi tí ó ṣeé mu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ lè tó, ẹnu-ọ̀nà tí ó ṣeé gbà sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ, ojú òṣùwọ̀n ni gbogbo wọn. Àwòrán kìnnìún lára ògiri àti aṣọ aláràbarà fún ọjọ́ ìparí ọdún, èènì ni. Kò sí èènì tí ó lè dí àlàfo inú kóńgò.

Gbogbo ọlọ́jà sì mọ̀ pé kóńgò wà tí a ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ó kún ojú, kò sì pé. Ibi tí irú rẹ̀ ti rọrùn jù nínú àyẹ̀wò ni iye ọmọ tí ó wà lọ́rùn olùkọ́. Ẹ̀dà Ìlànà Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2004 sọ pé olùkọ́ kan sí ọmọ 25. Kí á sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ọmọ 100, ó sì ka olùkọ́ mẹ́rin. Ọ̀gá àgbà tí kì í kúrò ní ọ́fíìsì wà nínú mẹ́rin náà. Ẹni tí ń gba owó ilé-ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìṣirò kún ojú, ṣùgbọ́n ọmọ 50 ni ó wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó kù. Èdè Yorùbá ní ohun èlò tí ń tú irú àṣírí yìí, èyí ni àpètúnpè ọ̀rọ̀ òǹkà tí ń fi ìpín hàn: mẹ́wàá mẹ́wàá, ogoogún. Kí alábẹ̀wò má bi ọ̀gá àgbà pé 'Ọmọ mélòó ni ẹ ní, olùkọ́ mélòó ni ẹ ní?' Kí ó wọ yàrá lọ, kí ó bi àwọn olùkọ́ pé 'Ọmọ mélòó mélòó ni ó wà lọ́dọ̀ yín?' Kí ìlànà fúnra rẹ̀ sì kà báyìí: 'Ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan nínú yàrá kò gbọdọ̀ ju 25 lọ.' Àmì 1:25 kò sọ bóyá 25 jẹ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀. Gbólóhùn Yorùbá yìí sọ ọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń tọ́ ọmọ, tí àwọn mìíràn sì ń fi ìtọ́jú ọmọ ṣiṣẹ́ jẹ, òfin gé ìpín náà wẹ́wẹ́ ju báyìí lọ. Ní àwọn jẹ́lé-ó-sinmi ibẹ̀, òṣìṣẹ́ kan sí ọmọ 3 ni fún àwọn tí kò tí ì pé ọdún 2. Kan sí 5 fún ọlọ́dún 2, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 tí a ti gbé e kúrò lórí 4. Kan sí 8 fún ọlọ́dún 3 sókè bí kò bá sí olùkọ́ tí ó gboyè láàrin wọn. Ààyè ilẹ̀ inú yàrá pàápàá ní iye: mítà onígun-mẹ́rin 3.5 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tí ì pé ọdún 2. Ohun tí ó kan àwa atúmọ̀ nínú ìlànà náà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2008, ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀tọ̀ ni ó ń lò fún ohun tí ó jẹ́ dandan, ọ̀tọ̀ fún ìmọ̀ràn tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Ọ̀pọ̀ atúmọ̀ ń fi 'gbọ́dọ̀' túmọ̀ ti ìṣáájú, wọ́n sì ń fi 'ó yẹ kí' túmọ̀ ti ìkẹyìn. Ó dà bí ẹni pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé 'Ó yẹ kí o ti pọn omi', àṣẹ ni, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Àgbà kì í sábà sọ 'gbọ́dọ̀' sí ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún. 'Ó yẹ' ni ó fi ń bo àṣẹ rẹ̀ lójú. Nítorí náà, nínú ìwé àyẹ̀wò, kí 'ó yẹ kí' yẹra pátápátá: 'gbọ́dọ̀' fún dandan, 'a gbà yín nímọ̀ràn pé' fún ìyókù.

Ọ̀rọ̀ 'gbogbo' náà ń fẹ́ ìṣọ́ra níbi tí ìyísódì bá wà. 'Gbogbo olùtọ́jú kò gbọdọ̀ jáde lásìkò oúnjẹ.' Ẹnì kan yóò kà á pé kò sí ìkankan nínú wọn tí ó lè jáde. Ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n ṣáà má jáde tán lẹ́ẹ̀kan náà. Àárín ìtumọ̀ méjèèjì yìí ni ọmọ ti lè ṣubú sínú omi. Kí á kọ ọ́ pé: 'Ó kéré tán, olùtọ́jú kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ní gbogbo ìgbà.'

Ibì kan wà tí gírámà wa ti lè ran òfin lọ́wọ́, bí a bá fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé kí ẹnubodè wà ní títì láìdárúkọ ẹni tí yóò tì í. Nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa ń fẹ́ olùwà, àwọn atúmọ̀ a máa sá sí abẹ́ 'a' tàbí 'wọ́n': 'A gbọ́dọ̀ ti ẹnubodè.' Ta ni 'a'? Aṣọ́nà rò pé olùkọ́ ni, olùkọ́ rò pé aṣọ́nà ni, ọmọ sì ti dé títì. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má gba 'a' láyè láti jẹ́ olùwà nínú ìlànà kankan tí ó bá jẹ mọ́ ààbò. Atúmọ̀ tí kò bá mọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, kí ó padà lọ bi ẹni tí ó kọ ìwé. Àìmọye ìgbà ni yóò rí i pé òun náà kò mọ̀.

'Ìtọ́jú' ni ó kàn. À ń tọ́jú ọmọ, à ń tọ́jú owó. Ọmọ tí a tì mọ́ yàrá, tí ohunkóhun kò ṣe é, tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, a ti tọ́jú rẹ̀ bí a ti ń tọ́jú owó. Ìwé àyẹ̀wò kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ṣe gbogbo iṣẹ́. A dábàá 'ìṣọ́' fún ààbò, 'ìtọ́jú' fún ara, oúnjẹ àti ìmọ́tótó nìkan, 'ìkẹ́' fún ìfẹ́ tí ó hàn nínú ohùn àti ọwọ́ olùtọ́jú, àti 'títọ́' fún ẹ̀kọ́ àti ìwà. (Ẹnì kan ti dábàá 'ìtọ́' fún èyí tí ó gbẹ̀yìn. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, níbi tí itọ́ àti ìtọ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, a rò pé kò ní dára.) Àwọn kan yóò sọ pé ìkẹ́ kò ṣeé wọ̀n. Ó ṣeé rí: bí ọmọ bá sunkún, ta ni ó lọ bá a, báwo ni ó sì ti pẹ́ tó kí ó tó lọ?

Èyí tí ó ṣòro jù ni 'ìbáwí'. Nínú ìhun rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni: a bá ọmọ wí. Ṣùgbọ́n ní ẹnu ọ̀pọ̀ olùkọ́, pàṣán ti wọ inú rẹ̀, kò sì jáde mọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kọ ìpalára, ìfìyàjẹ àti ìtàbùkù fún ọmọ. Bí alábẹ̀wò bá bi olùtọ́jú pé 'Ṣé ẹ máa ń bá àwọn ọmọ wí?', bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ́ ìdáhùn àtẹni tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ àtẹni tí ń nani, alábẹ̀wò kò sì ní mọ nǹkan kan ju bí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ìwé àyẹ̀wò má lo 'ìbáwí' rárá. Kí ó dárúkọ ìyà kọ̀ọ̀kan: 'Olùtọ́jú kò gbọdọ̀ na ọmọ. Kò gbọdọ̀ fà á létí. Kò gbọdọ̀ mú un kúnlẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ dù ú. Kò gbọdọ̀ tì í mọ́ yàrá.' Alásè pẹ̀lú yóò gbọ́ èyí yé, àti aṣọ́nà, àti ìyá tí ó fi ọmọ sílẹ̀ ní òwúrọ̀.