Kòkó Ò Mọ Iye Tí Wọ́n Ń Tà Á

Bí ènìyàn bá wọ oko kòkó tó ti dàgbà lọ́sàn-án gangan, ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà ni oòrùn yóò dúró sí. Ewé ti pàdé lókè, ilẹ̀ tutù, ewé gbígbẹ sì nípọn débi pé ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀. Koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù níbẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀ kò tó o. Ẹ̀fọn pọ̀, ejò náà kò ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń fi àdá gbá ewé níwájú kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Oko àgbàdo a máa pariwo bí atẹ́gùn bá fẹ́. Ti kòkó kì í pariwo. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń dá èso lu lókè là ń gbọ́, àti èso jíjẹrà tó ń já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ara igi gan-an ni kòkó ń so sí. Ọsàn àti máńgòrò ń so lórí ẹ̀ka, ṣùgbọ́n kòkó ń so láti ìdí, níbi tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ti lè fọwọ́ kàn án, títí dé ẹ̀ka òkè tí a ó fi gọ̀ǹgọ̀ fà. Òdòdó rẹ̀ kéré, kò tó èékánná ọmọ-ìka, funfun ni pẹ̀lú ìlà pupa tín-ín-rín nínú, kò sì ní òórùn tí imú lè mú. Oyin kì í yà á wò. Kòkòrò tíńtín kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan dé ara èkejì, inú ewé jíjẹrà àti èèpo kòkó tó ti rà ni kòkòrò náà sì ń gbé tó ń bí sí. Ẹni tó bá gbá gbogbo ewé ìdí kòkó rẹ̀ dànù nítorí ìmọ́tótó, ó lé kòkòrò náà lọ nìyẹn. Nínú ẹgbẹ̀rún òdòdó, díẹ̀ ló ń di èso. Nínú àwọn tó sì di èso, ọ̀pọ̀ á dúdú, wọ́n á gbẹ mọ́ igi kí wọ́n tó gùn tó ìka. Èyí tó bá yè yóò lo oṣù 5 sí 6 kó tó pọ́n. Àwọn kan á ti àwọ̀ ewé di ìyeyè, àwọn mìíràn á ti pupa rẹ́súrẹ́sú di àwọ̀ ọsàn.

Igi yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ọ̀pẹ ní ikin, irókò ní olúwéré, kòkó kò ní òrìṣà kankan. Igbó odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun gbé e kọjá òkun dé erékùṣù São Tomé àti Fernando Pó, ibẹ̀ ló sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ọdún 1870. James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ojú omi ní Èkó, ọkọ Sarah Forbes Bonetta tí Ọbabìnrin Victoria tọ́, ló dá oko kòkó sí Ìjọn nítòsí Agége ní nǹkan bí ọdún 1880. Òwò rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ kó tó yà sídìí oko. Àwọn bíi Jacob Kẹ́hìndé Coker ti Ìjọ Áfíríkà tẹ̀ lé e ní Agége. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo máa ń rò jù ni àwọn lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ nínú oko wọ̀nyẹn láti Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Wọ́n gba owó iṣẹ́, wọ́n sì tún mú èso kòkó dání padà sílé. Àwọn tí orúkọ wọn kò wọ ìwé ló gbìn ín káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Bí kò tilẹ̀ ní òrìṣà, ó ní àṣà tirẹ̀. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà oko, nítorí pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀. Bí baba bá sì ti lọ, òun ni ẹlẹ́rìí tó kù. Àlejò tó gbin kòkó sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún: ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀, igi jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín. Ẹni tí ìnáwó òkú tàbí owó ilé-ìwé bá ká mọ́ á fi oko rẹ̀ dógò, olówó á máa ká kòkó lọ títí a ó fi dá owó rẹ̀ padà. Mo mọ oko kan tí ó wà ní ìdógò títí ẹni tó fi dógò àti ẹni tó gbà á fi kú, tí àwọn ọmọ wọn wá ń lérí sí ara wọn níwájú baálẹ̀. Àwọn Òṣómàáló láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ àsìkò kòkó dáadáa: wọ́n á ta aṣọ láwìn nígbà tí ọwọ́ gbẹ, wọ́n á sì padà wá lóṣòó ti onígbèsè bí kòkó bá ti jáde. Ìgbà kòkó ni wọ́n ń dá ìgbéyàwó sí, òun ni wọ́n ń dá òrùlé páànù sí, òun náà ni wọ́n ń dá ọjọ́ ẹ̀jẹ́ sí.

Èèpo rẹ̀ pàápàá wúlò. Ìyá mi àgbà a máa sá a títí yóò fi gbẹ, wọ́n á jó o di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, òun ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú pẹ̀lú àdín. Ọṣẹ yẹn la fi wẹ̀ dàgbà ní abà.

Ọjọ́ fífọ́ kòkó kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọdé ń ṣàìsàn. Wọ́n á ti kó èso jọ sábẹ́ igi kan láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, àwọn aládùúgbò abà á sì wá ṣe ọ̀wẹ̀, kálukú pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀. Ìyá mi àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdá là á nítòsí àwọn. Wọ́n ní àdá ń gún hóró, hóró tí ojú rẹ̀ bá sì ti là, kòkòrò á wọ̀ ọ́ nínú àpò. Igi kúkúrú kan tó wúwo ni wọ́n ń lò: wọ́n á lu èso lẹ́ẹ̀kan ní ìhà, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì yí i, ìdajì èèpo á bọ́, gbogbo hóró, 30, 40, á sì dúró gbọn-in lórí okùn àárín, funfun, ó ń yọ̀, ó ń tàn. Wọ́n á fi ìka mẹ́ta fà á wá sínú agbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni láti ṣa okùn àárín kúrò, ẹ̀tọ́ wa sì ni láti fá omi ara hóró mu. Ó dùn, ó kan díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀nà ọ̀fun. A kò gbọ́dọ̀ gé hóró jẹ, nítorí ó korò, owó sì ni. Hóró tí a bá fá tán, inú agbọ̀n ló ń padà sí.

Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó nínú agbọ̀n fún ọjọ́ 5 tàbí 6, wọ́n á máa rò ó láàárín. Omi á máa kán lábẹ́ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ di ti ọtí, yóò wá kan. Ní ọjọ́ kẹta, bí a bá ti ọwọ́ bọ àárín agbọ̀n, ooru tó wà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ọwọ́ pẹ́. Ooru yẹn ló ń pa hóró, tí kì í jẹ́ kó hù mọ́, òun náà ló ń dín kíkorò rẹ̀ kù, tó ń yí inú rẹ̀ padà láti elésè àlùkò sí àwọ̀ ilẹ̀. Abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ òyìnbó kan kò sì lè fi í sínú hóró tí àgbẹ̀ kò bò dáadáa. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń jẹ ṣokoléètì kò mọ èyí.

Sísá ló kù. Orí ẹní àti orí sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń tú u sí, ẹsẹ̀ la sì fi ń rò ó láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Bí òjò bá ṣú, gbogbo abà á sáré. Ìyá mi àgbà kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú hóró. Wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́, wọ́n á gbé e sétí, wọ́n á fún un. Bó bá ké ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n gbé àpò wá.

Owó hóró yìí ló gbé Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dúró. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 kò ṣẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé alájà 26 tí wọ́n kọ́ sí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1965 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò rí owó ọjà gbà tán. Láti 1947 ni ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ti ń ra kòkó ní iye tí òun bá dá, tó sì ń fi èyí tó ṣẹ́kù pamọ́. Nígbà tí owó-orí wá gun àìsí owó, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 àti 1969. Ìgbìmọ̀ náà kógbá sílé ní 1986, láti ìgbà náà ni àgbẹ̀ àti oníkòkó tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń ná ọjà láàárín ara wọn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tọ́ọ̀nù kòkó kan ń rìn yí dọ́là 2,500 ká lọ́jà àgbáyé. Ọdún wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ oko ṣófo. Àwọn ọmọ lọ sí Èkó, àwọn àgbà kò lè gun igi mọ́, àfòmọ́ bo ẹ̀ka, àwọn kan sì gé kòkó baba wọn lulẹ̀ gbin pákí. Kò sí ẹni tó bá wọn wí nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá àti àrùn kọlu oko Côte d'Ivoire àti Ghana, àwọn tó ń pèsè ju ìdajì kòkó ayé lọ. Nínú àrùn wọ̀nyẹn ni èyí tó ń mú ọ̀mùnú igi wú, tí kò ní oògùn ju kí a gé igi náà lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 12,000 ní New York.

Mo wà ní abà lásìkò náà. Àwọn tí kò tẹ oko láti ọjọ́ ìsìnkú baba wọn dé pẹ̀lú mọ́tò, wọ́n ń béèrè ààlà. Àwọn pèrègún ṣe ẹlẹ́rìí púpọ̀ lọ́dún náà. Olè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko lóru, èso tútù tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń já, tí wọ́n sì ń ya ojú ibi tí òdòdó ọdún tó ń bọ̀ yóò ti yọ. Àwọn ọkùnrin abà fi tọ́ọ̀ṣì ṣọ́ igi. Àwọn oníkòkó ń ra hóró tí wọn kò bò ju ọjọ́ méjì lọ, wọ́n ní kí àgbẹ̀ ṣáà gbé e wá. Èyí bí mi nínú ju olè lọ, nítorí olè jí èso ọdún kan, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọmọ àgbẹ̀ pé bíbò kò ṣe pàtàkì ti ba iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa mọ̀ jẹ́.

Àwọn tó rí owó gidi ni àwọn tí kò dáwọ́ dúró nígbà tí kò sí owó. Obìnrin opó kan wà ní ẹ̀gbẹ́ oko wa tó ń gé àfòmọ́ lọ́dọọdún, tó ń já èso dúdú kúrò kí àrùn má baà ràn, tó ń san owó oògùn tí wọ́n ń fín láti inú gàrí tó ń tà. Wọ́n máa ń ní ó ń ṣe wàhálà asán. Ó fi kòkó 2024 kọ́lé, ó sì yẹ ẹ́.

Kí ọdún 2025 tó parí, owó ti já wálẹ̀ dé ìdajì. Wàhálà tuntun sì ti kún èyí tó wà. Òfin kan tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2023 ní kí wọ́n má ra kòkó tó bá wá láti igbó tí wọ́n pa lẹ́yìn ọdún 2020, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù rìn yí oko ká láti ya àwòrán ààlà. Mo fara mọ́ èyí, nítorí igbó wa ti tán jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbẹ̀ ló ń ru ẹrù rẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni àwọn awakùsà góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń hú kòkó tó ń so, tí wọ́n á fi kòtò omi pupa sílẹ̀.

Àbúrò mi kan tó wà ní abà gbin kòkó tuntun ní 2024. Irúgbìn tí Ilé Ìwádìí Kòkó ní Ìdí-Ayunrẹ mú jáde ló rà, ó sì ṣe é bó ṣe yẹ: ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlẹ̀ láti ṣíji bò ó, kòkó tẹ̀ lé e. Wọn kò tíì so. Ó pè mí láìpẹ́ yìí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fẹ́ gé e, kí n gbin pákí. Owó ti já." Mo ní ọdún wo ló ń tà. Ó dákẹ́. Mo ní kí ni owó 2026 fi kan igi tí kò tíì so? Kó dúró títí yóò fi so, ìgbà yẹn ni kó wá bi mí léèrè iye ọjà. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kò ní dúró de kòkó, òótọ́ nìyẹn náà. A fi àdéhùn sí i pé kó gbin pákí sí ìsàlẹ̀ odò tí kò tíì ní igi, mo sì fi owó lébìrà oṣù yìí ránṣẹ́ sí i kí wọ́n lè ro ìdí àwọn kòkó náà kí òjò tó dé.