Ìdánwò Tí Kì Í Ṣe Ti Orí Ìwé

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń múra yunifásítì, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó gba máàkì rẹpẹtẹ lè má mọ ohun tí yóò ṣe bí oníbàárà bá dúró níwájú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀ mọ èyí: aṣọ oníbàárà ni ọ̀gá fi ń dán an wò.

Ní Atlanta wa níbí, láti ọdún 1912 ni Georgia Tech ti ní ètò tí wọ́n ń pè ní Co-op. Akẹ́kọ̀ọ́ á kàwé ní sáà kan, á lọ ṣiṣẹ́ olówó oṣù ní sáà mìíràn, á tún padà sí kíláàsì.

Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde. Wọn a kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ kéékèèké, wọn a mú ìṣòro gidi kan, nígbà mìíràn èyí tí iléeṣẹ́ gbé wá, wọn a sì ṣe ohun tí yóò yanjú rẹ̀. Níparí sáà, wọn a pàtẹ rẹ̀ ní Capstone Design Expo. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹun a wá bi wọ́n pé: Ta ni yóò lò ó? Èló ni? Tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Àkọ́sórí kò ràn án!

Nàìjíríà náà ní SIWES láti ọdún 1973. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ òòjọ́ sínú ìwé, ọ̀gá ibi iṣẹ́ a fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìwé oṣù mẹ́ta tí wọ́n kọ lóru ọjọ́ kan.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan ilé ẹ̀kọ́, ẹ bèèrè: yàtọ̀ sí olùkọ́, ta ni yóò yẹ iṣẹ́ mi wò?