Arìnrìn-àjò Aláàbọ̀ Ara àti Èèwọ̀ Ìlú
Bí àwọn baba wa tilẹ̀ gbà pé Ọbàtálá Alábàláàṣẹ, tí í mọ ọmọ nínú ikùn, ló mọ arọ àti abuké, èèwọ̀ ìlú kò yọ àwọn aláàbọ̀ ara sílẹ̀. Ní Ìkòròdú, obìnrin kì í jáde lásìkò Orò. À-wí-fún-ni kó tó dá-ni, àgbà ìjàkadì ni, nítorí náà kí àlejò obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tètè bi onílé rẹ̀ léèrè ọjọ́ tí wọ́n kéde. Ní Ẹ̀pẹ́, ìlú tí ń fi ọdún Káyòkáyò rántí Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó tó tẹ̀dó síbẹ̀ lẹ́yìn ogun Èkó 1851, bàtà kì í wọ mọ́sálásí. Kí oníkẹ̀kẹ́ arọ mú àkísà tútù dání, kí wọ́n bá a nu táyà lẹ́nu ọ̀nà. Òfin Èkó ti 2011 ń gbèjà aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n lójú tèmi, pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lórí àtẹ̀gùn ì bá ṣe wọ́n lóore jù ú lọ.