Ẹ Jẹ́ Kí Abẹ́rẹ́ Kọ́kọ́ Wádìí

Ẹni tó bá ti kọ́lé rí ní Victoria Garden City, tàbí níbikíbi láti Lẹ́kkí dé Ajah nílùú Èkó, mọ̀ pé ojú ilẹ̀ ń tanni jẹ. Àbàtà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó da iyanrìn lé e. Wọ́n á kọ́kọ́ lu ihò tóóró wọlẹ̀, wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹnjiníà tó sọ irú ìpìlẹ̀ tó yẹ ilé.

Ọgbọ́n yìí náà làwọn dókítà àyà ń lò. Láàárín ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà èémí, làwọn kókó tó ń gbèjà ara wà, irú èyí tó máa ń wú lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọ̀fun bá ń dunni. Bí wọ́n bá wú, síkáànù á fi hàn, àmọ́ kò lè sọ ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ ikọ́ ife, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ sarcoidosis, àìsàn tó bá aláwàdà Bernie Mac jà ní Amẹ́ríkà.

Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni Dókítà Ko-Pen Wang, ní Baltimore, ti ń fi abẹ́rẹ́ gba inú ọ̀nà èémí dé ibi àwọn kókó yìí. Ní 2004, Dókítà Yasufuku àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ròyìn bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tó ń fi ìró yàwòrán tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà.

Wọ́n á fín oògùn sí ọ̀fun kó lè kú tipiri, wọ́n á sì ti rọ́bà tín-ín-rín gba ẹnu wọlé. Dókítà á rí kókó àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lójú ẹ̀rọ, á gún ògiri ọ̀nà èémí, á sì ti abẹ́rẹ́ síwá-sẹ́yìn nínú kókó náà. Ohun tó bá fà jáde ni wọ́n á tẹ́ sórí gíláàsì fún maikirosíkóòpù. Wọ́n sì lè fi díẹ̀ wá kòkòrò ikọ́ ife. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń lọ sílé lọ́jọ́ kan náà, láìla àyà.

Ó ṣe pàtàkì ká mọ èyí tó jẹ́, torí oògùn tó ń wo sarcoidosis lè mú ikọ́ ife gbilẹ̀. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ tó ń lo oògùn ikọ́ ife ń fi àkókò ṣòfò. Nígbà mìíràn abẹ́rẹ́ kì í rí àìsàn tó wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè tún àyẹ̀wò ṣe.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí wọ́n bá ní kókó wú láyà yín, ẹ béèrè pé: báwo la ṣe mọ ohun tó jẹ́? Wọ́n ń fi rọ́bà wo ọ̀nà èémí ní ilé ìwòsàn LUTH ní Èkó àti UCH ní Ìbàdàn. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ kún un. Ẹ má gbé oògùn mì kí a tó mọ orúkọ àìsàn.